Alága Tí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Kì Í Tètè Dé

Lẹ́bàá adágún kan tó fẹ̀ débi pé ẹni tó dúró létí ìhín kì í rí ilé tó wà létí ọ̀hún àfi tí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, káfíńtà kan wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi niṣẹ́ rẹ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn èbúté, páànù ni wọ́n fi bò ó, ògiri mẹ́ta péré ló sì ní. Pákó fara ti ògiri gbọọrọ, èérún igi tẹ́ sílẹ̀ bíi tìmùtìmù, òórùn ọ̀dà a sì máa pàdé èèyàn lọ́nà kó tó débẹ̀. Nínú ọkọ̀ mẹ́wàá tó bá wà lórí omi náà, bóyá lèèyàn fi lè rí méjì tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kàn án. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀n, kò ní ìwọ̀, kò sì mọ ẹja í pa. Bí wọ́n bá fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣe ló ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú omi nígbà tí òun jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ, á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì máa fági rẹ̀ lọ.

Ohun tó jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín dípò kó fèsì ni pé akólòlò ni. Ọ̀rọ̀ a máa há a lọ́fun bí ìgbà tí ìṣó bá kan kókó inú igi: èèyàn lè máa lù ú títí, kò ní wọlé, àfi kó fà á yọ, kó wá gba ẹ̀gbẹ́ ibòmíràn kàn án. Nígbà tó wà ní kékeré, tí olùkọ́ bá bi kíláàsì wọn ní ìbéèrè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti dáhùn, wọ́n á ti jókòó, wọ́n á sì ti gbàgbé ohun tí wọ́n bi wọ́n kí tirẹ̀ tó jáde. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá fún òun, pé igi kì í bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀. Bó ṣe di oníṣẹ́ nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń ta òwú àwọ̀n, ìwọ̀ àti léfòó tó ń mú àwọ̀n dúró lójú omi ní ìsọ̀ kékeré kan ní èbúté. Nígbà tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń díbọ́n pé okùn lòun wá rà, ohun tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí lára ọmọbìnrin náà ni pé kì í bá a parí ọ̀rọ̀. Gbogbo ayé ló máa ń bá a parí ọ̀rọ̀, wọ́n rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe é. Ti ọmọbìnrin yìí yàtọ̀. Á fọwọ́ lérán, á tẹjú mọ́ ọn, á sì dúró. Títí dòní ló ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí ọkọ òun kọnu ìfẹ́ sí òun, ọkọ̀ kan gbéra ní èbúté, ó ré kọjá sí òdìkejì, ó já èrò, ó sì padà dé kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Bí àwọn tó ń fi wọ́n ṣeré bá sì wí fún un pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, á dá wọn lóhùn pé, “Ìyàwó ló kọ́kọ́ pè ná. Mo sì ti dáhùn.”

Láwọn ọdún tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ adágún náà ti ń sú àwọn èèyàn. Ẹja tí wọ́n ń fi apá wọ̀n tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n. Bí ẹja ṣe ń kéré sí i ni ojú àwọ̀n náà ń kéré sí i, débi pé àwọn kan ti ń dẹ ohun tó jọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Àwọn aláwọ̀n ní àwọn oníwọ̀ ló ń kó ìyá ẹja. Àwọn oníwọ̀ ní àwọn aláwọ̀n ló ń kó ọmọ rẹ̀. Ká sòótọ́, kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn.

Ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù láàárín àwọn aláwọ̀n ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Gbogbo-Omi. Kò síbi tí wọ́n bá a tí kì í sọ pé gbogbo omi náà ni ti òun. Apẹja gidi ni o, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣòfo, àmọ́ sùúrù kò sí lára rẹ̀ rárá. Bó bá ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èbúté, àwọn tó wà láàárín omi á máa dá a lóhùn. Òun náà sì ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó káfíńtà.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gun alùpùpù wá láti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹja. Kò fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ìjọba ní fún ìṣọ́ gbogbo omi yẹn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti kú láti ọdún tó kọjá. Ó ní bí àwọn tó ń jẹ lára omi náà bá lè jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sí òfin tí wọ́n á máa tẹ̀ lé, òun á bá wọn gbé e dé iwájú àwọn ọ̀gá òun, àwọn ọ̀gá náà á sì fọwọ́ sí i. “Ẹ̀yin lẹ ń sùn tì í, ẹ̀yin lẹ ń jí tì í,” ló wí. “Ta ló tún lè ṣọ́ ọ jù yín lọ?”

Ìsọ̀ káfíńtà ni wọ́n fi ṣe ibi ìpàdé, nítorí kò sí òrùlé mìíràn tó lè gbà wọ́n. Ìpàdé àkọ́kọ́ tú ká nínú ariwo. Ìkejì náà tú ká, ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì kan sì bá a lọ. Káfíńtà tún ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì náà ṣe. Nígbà tó di ìkẹta, Gbogbo-Omi àti àgbà oníwọ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa mí sí ara wọn nímú, ẹni mẹ́wàá sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ni káfíńtà dìde ní igun ibi tó jókòó sí, ó nawọ́ sókè, ó sì la ẹnu.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ nípàdé rí. Àwọn tó wà nítòsí dákẹ́ láti gbọ́ ohun tó fẹ́ wí, àwọn tó wà lẹ́yìn dákẹ́ nítorí pé àwọn tó wà níwájú ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó tún gbìyànjú, kò jáde. Gbogbo ilé ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tó sì máa já geere, ohun tó sọ ni pé ọkọ̀ tí àwọn bọ̀rọ̀kìnní ìpàdé jókòó lé lẹ́tí yẹn, àárọ̀ yẹn lòun fi ọ̀dà kùn ún, kò tíì gbẹ.

Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣòkòtò dìde, ọ̀dà kò fẹ́ kó lọ. Ìlà dúdú fa ìdí àwọn aláwọ̀n, ó fa ìdí àwọn oníwọ̀, kò ṣojúsàájú. Gbogbo-Omi yíjú sẹ́yìn wo ìdí tirẹ̀, ó wo ti àgbà oníwọ̀ tó ń bá jà, òun ló sì kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìyá Ẹlẹ́ja ló sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀. Òun ni àgbà láàárín àwọn obìnrin tó ń ra ẹja, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n sì ń kó o lọ sọ́jà. “Láti àárọ̀ la ti ń pariwo, ẹnì kan ò gbọ́ ẹnì kejì,” ló wí. “Èyí kò tíì sọ̀rọ̀, a ti dákẹ́. Èmi ti rí alága tèmi o.”

Káfíńtà fẹ́ sọ pé òun kò ṣe. Kí “mi ò” tó jáde, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ tán, wọ́n sì ti ń wá kẹrosíìnì tí wọ́n á fi nu ìdí ṣòkòtò wọn.

Ó délé pẹ̀lú ìrònú. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé èèyàn tí kò lè pa ẹyọ ẹja kan, ibo ló ti fẹ́ ṣe alága àwọn apẹja? Ìyàwó rẹ̀ dúró títí ó fi sọ̀rọ̀ náà tán, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó wá ní ohun tó mú kí wọ́n yàn án nìyẹn gan-an. Kò ní àwọ̀n tó ń gbè, kò ní ìwọ̀ tó ń gbè, gbogbo wọn ló sì nílò ọkọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì rọrùn. Ó kọ́kọ́ lọ káàkiri. Bó bá gbé ìfági lọ tún ọkọ̀ ẹnì kan ṣe létí omi, á béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún pé kí ló rò. Ìbéèrè rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde, nítorí náà àwọn èèyàn kì í lè fi ìkánjú dáhùn. Wọ́n á ti ronú kó tó béèrè tán. Nínú ìpàdé, òfin kan ṣoṣo ló gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Látìgbà èwe ni wọ́n ti ń gba tirẹ̀.

Oṣù ń gorí oṣù, ọ̀rọ̀ ń dì mọ́ra. Kọ̀rọ̀ kan wà níbi tí omi ti tẹ̀ wọ inú koríko gíga, tí kò jìn, tí ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ ni ẹja máa ń lọ yé sí nígbà òjò, Ilé Ọmọ ni àwọn àgbà sì máa ń pè é. Wọ́n fẹnu kò pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àwọ̀n, kò sí ìwọ̀, kò sí ọkọ̀ tó gbọdọ̀ wọ Ilé Ọmọ títí àwọn ọmọ ẹja á fi jáde. Ọ̀rọ̀ ojú àwọ̀n fà wọ́n lọ fà wọ́n bọ̀, wọ́n sì wá gbà pé ojú tí ìka mẹ́ta kò bá lè wọ̀, kò gbọdọ̀ wọ omi. Ariwo tún sọ lórí pé ìka ta ni, nítorí ìka Gbogbo-Omi tóbi bíi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ti Ìyá Ẹlẹ́ja ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n nígbẹ̀yìn. Àwọn olùṣọ́ á máa lọ ní méjì-méjì, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ ti inú ẹgbẹ́ kan náà wá.

Ó wá ku ìyà ẹni tó bá rúfin. Àwọn kan ní owó ìtanràn, Ìyá Ẹlẹ́ja ní olówó á kàn máa san án ni, á sì máa pẹja lọ. Gbogbo-Omi ló dá àbá tí gbogbo wọn gbà. Ó ní kí wọ́n fa ọkọ̀ onítọ̀hún sókè sórí ilẹ̀, kó wà nínú ọgbà alága títí oṣù tuntun méjì á fi lé. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń wo apá ibi tí àwọn oníwọ̀ jókòó sí. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, obìnrin alálùpùpù sì mú un lọ, ó mú un bọ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ilé Ọmọ di èèwọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, láàárọ̀ kùtù tí ìkùukùu ṣì ń rá lójú omi, Ìyá Ẹlẹ́ja àti ọ̀dọ́mọkùnrin oníwọ̀ kan ń ṣọ́ létí koríko, wọ́n sì gbọ́ tí ẹnì kan ń hùn bó ṣe ń fa ohun tó wúwo. Wọ́n wọ ibẹ̀. Gbogbo-Omi ni. Ó ní àjẹ̀ òun ló sọnù tí òun ń wá. Ìyá Ẹlẹ́ja wo àjẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo àwọ̀n tó kún fún ẹja aláboyún, ó ní, “Ó dáa, o ti rí i. Jẹ́ ká máa lọ.” Wọ́n da àwọn ẹja náà padà sómi lójú rẹ̀.

Kí oòrùn tó ràn dáadáa, gbogbo èbúté ti gbọ́. Àwọn oníwọ̀ ní kí àwọn wá wò ó bóyá ẹnu àna á lè dá àna lẹ́bi. Àwọn aláwọ̀n pàápàá kò mọ ohun tí wọ́n á rò. Ọ̀rọ̀ náà sì wúwo lọ́kàn káfíńtà. Ọkùnrin yìí ló dúró tì í nígbà tí àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀ ń béèrè pé kí ni ọmọ àwọn fẹ́ fi akólòlò ṣe. Òun náà ló ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dá kàn, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ń ka ìwọ̀ sínú agolo, kò gbójú sókè. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, ọkọ òun sì nìyí, òun ò ní bá wọn dá sí i. Ìgbà tó yá ló fi kún un pé ohun tó bá tọ́ ni kó ṣe, pé ẹ̀gbọ́n òun kò lè bínú ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ìsọ̀ kún dé ojú ọ̀nà. Àwọn olùṣọ́ sọ ohun tí wọ́n rí. Gbogbo-Omi sọ ti àjẹ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ga bíi ti tẹ́lẹ̀. Alága wá dìde. Ó kọ́kọ́ tẹrí ba fún àna rẹ̀, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní gbogbo èèyàn ló ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìpinnu ló kù. Ìyẹn nìkan ti gba àkókò. Lẹ́yìn náà ló dé ibi tí gbogbo wọn ń retí.

“Ohun tí mo... tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe ni pé kí... kí a f... kí a f... f...”

Ọ̀rọ̀ kan kókó. Ó fà á yọ, ó tún un kàn, kò wọlé. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbin, nítorí òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a sọ ọ́. Òógùn tó bo Gbogbo-Omi ju tirẹ̀ lọ. Ó yí ẹsẹ̀ padà, ó yí ọrùn, ó fọwọ́ nujú. Látìgbà tí ó ti mọ káfíńtà ló ti máa ń bá a parí ọ̀rọ̀. Kò lè mú un mọ́ra mọ́.

“Kí ẹ fa ọkọ̀ mi sókè!” ló jágbe. “Ṣé kì í ṣe ohun tó o fẹ́ sọ nìyẹn? Ẹ fà á sókè, kí n ráyè mí!”

Alága wà lórí ìdúró pẹ̀lú ẹnu lílà, ó wá pa á dé. Ó wo àna rẹ̀.

“Ẹ ṣé, bùrọ̀dá,” ló wí, ọ̀rọ̀ náà sì jáde geere. “Ẹ ti bá mi sọ ọ́.”

Àgbà oníwọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì gba gbogbo ibẹ̀. Gbogbo-Omi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá yé e pé ẹnu òun lòun fi dá ara òun lẹ́jọ́. Ó bú ara rẹ̀ ní agbọ́nrandan, lẹ́yìn náà ló bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló di okùn mú níwájú nígbà tí wọ́n ń fa ọkọ̀ náà gòkè, ó ní wọn ò mọ ọkọ̀ fà, wọ́n á fi òkúta ha á nídìí.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló fẹ́ sọ gan-an. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní “kí a fún wọn ní ìkìlọ̀” lòun fẹ́ sọ, pé nígbà tí òun rí ojú àna òun, ọkàn òun rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé àwo sílẹ̀ kó má baà já bọ́, ó sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún. Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì í. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n fi kún òfin àwọn pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹbí ẹni tó wà lórí àga, kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbà, wọn ò béèrè ìdí rẹ̀.

Ó wá ku ẹni tí kò ní ọkọ̀. Gbogbo-Omi kò mọ ohun tí èèyàn ń fi ọ̀sán ṣe lórí ilẹ̀. Láràárọ̀ ló ń wá jókòó sí ìsọ̀ àna rẹ̀, á máa sọ ìtàn, á máa kọ́ káfíńtà bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀, á sì bá a jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Káfíńtà rí i pé bí ọkọ̀ yẹn ṣe ti wà nínú ọgbà òun, ojú á máa ti òun bí òun bá ń wo ibi tó ti ń jò láìtún un ṣe. Ó yọ pákó méjì tó ti jẹrà, ó fi òwú àti ọ̀dà dí gbogbo ojú ìsopọ̀, ó fá ìdí rẹ̀ dán. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a padà sómi, ńṣe ló ń yọ́ lọ bí ọṣẹ. Àwọn apẹja tó kù bínú. Wọ́n ń béèrè pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló kéré jù tí àwọn lè dá kí wọ́n lè tún ti àwọn náà ṣe. Látìgbà náà, ọkọ̀ tí wọ́n bá fà sókè, bó ṣe wá ló ń lọ.

Wọ́n ṣí Ilé Ọmọ nígbà tí òjò dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ ìyanu kò ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Ẹlẹ́ja kùn pé ìrù ẹja ń yọ jáde nínú apẹ̀rẹ̀ òun, pé òun ní láti ra èyí tó tóbi, ẹnu tó sì fi ń kùn kò lè bò mọ́lẹ̀ pé inú rẹ̀ ń dùn. Àwọn kan ṣì ń yọ́ wọ koríko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníwọ̀ àti àwọn aláwọ̀n ṣì ń sọ̀rọ̀ ara wọn láìdáa, àmọ́ lórí bẹ́ńṣì kan náà ni. Obìnrin alálùpùpù mú àwọn èèyàn wá láti etí adágún mìíràn pé kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní kí alága bá àwọn sọ̀rọ̀. Ó dìde, gbogbo àwọn tirẹ̀ sì tún ìjókòó wọn ṣe, ẹnì kan bọ́ bàtà. Àwọn àlejò wo ara wọn. Nígbà tó fi máa parí, àwọn náà ti bọ́ bàtà wọn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbájú mọ́ igi òun, wọ́n sì gbé Ìyá Ẹlẹ́ja sórí àga. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Gbogbo-Omi wá mú un ní ìsọ̀. Ó ní ìtìjú ló jẹ́ fún ẹbí àwọn pé àna òun kò tíì pa ẹja rí, òun á kọ́ ọ lónìí, kò gba àríyànjiyàn. Ìyàwó káfíńtà ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó wá dúró ní èbúté láti wò wọ́n lọ.

Wọ́n lọ sí àárín omi. Káfíńtà kò wo omi, ìdí ọkọ̀ ló ń wò bóyá ó ń jò. Àna rẹ̀ fi bí wọ́n ṣe ń ju àwọ̀n hàn án. Ó jù ú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e. Ó tún jù ú, àwọ̀n di òṣùṣù. Gbogbo-Omi ń pariwo ìtọ́ni, ohùn rẹ̀ dé èbúté, ìyàwó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa ga, káfíńtà fa àwọ̀n wọlé, ẹja kan ṣoṣo sì ń jà pàtàpàtà nínú rẹ̀, ẹja kékeré kan tó fi ìrù kọ́ òwú. Ẹja àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó mọ̀ pé kò tíì tó èyí tí wọ́n ń mú relé. Ó wo àna rẹ̀. Gbogbo-Omi ti kọjú sí apá ibòmíràn, ó ń wo òkè tó wà lọ́nà jíjìn bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i lónìí, kò sì sọ nǹkan kan, ohun tó ṣòro fún un jù lọ láyé.

Káfíńtà tẹ ọwọ́ rẹ̀ bọ omi, ó sì ṣí i. Ẹja náà kò dúró dúpẹ́.